Ìyá Ọlọ́mọ Tí Bọ́ọ̀sì Ń Dúró Dè

Ọkọ̀ ojú irin náà ti dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kò sì sí ilé kankan nítòsí. Igbó ló wà lápá ọ̀tún, igbó ló wà lápá òsì, ooru sì ti ń mú nínú ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ọmọrí dé ìkòkò lórí iná. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gègé ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é, nítorí pé kò sí ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó tirẹ̀. Ó ń ka ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò yí padà.

Ìwé náà ń sọ fún èrò bí yóò ṣe bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní ibùdókọ̀ ńlá tó wà níwájú, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú orí òkè máa ń gbéra ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Òmíràn kò sí mọ́ títí di agogo méjìlá ọ̀sán. Ní ìlú orí òkè yìí ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò àtiwọlé, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ yìí sì ni. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára káàdì ìdánwò pé bí agogo mọ́kànlá bá ti lù, wọn yóò ti géètì.

Ẹni tó jókòó tì í ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ jáde níléèwé girama, tí òun náà ń lọ ṣe ìdánwò yìí. Olùkọ́ ìṣirò wọn ló sọ ọ́ ní Ọgbọ́njù, ó ní ọgbọ́n tó wà lórí ọmọ náà ti ju orí lọ. Gègé yíjú sí i.

"Mo sọ fún ẹ pé ká ti wá lánàá."

"O sọ ọ́. Ṣé bó o bá tún un sọ, ọkọ̀ á gbéra ni?"

Gègé tẹrí ba. Ó wo aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ló ń lọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ṣùgbọ́n ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ yìí, aṣọ ọmọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì. Bó ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ ló ń gbàdúrà pé, "Olúwa, bí aṣọ yìí ṣe ń tọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, jẹ́ kí ọ̀nà ọmọ mi tọ́ lábẹ́ ọwọ́ Rẹ." Gègé ti ṣe àmín nígbà náà. Ní báyìí, òógùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlà aṣọ náà palẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà ta kìjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gáàdì, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó èrò, wọlé tọ̀ wọ́n wá pẹ̀lú ìwé ńlá kan lábẹ́ apá. Àgbàlagbà ni, fìlà rẹ̀ sì tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó ní ọkọ̀ wọn ti pẹ́, bí ẹni pé ó ku ẹnì kan tí kò mọ̀. Ó ní agogo mẹ́sàn-án yóò ti fi ìṣẹ́jú méje kọjá kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀ ńlá. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ìlú orí òkè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà.

Àwọn èrò ojú ọ̀nà yẹn ti fún ìwé náà ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ-Dúró-Dè-Wá ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ inú rẹ̀ bá pé márùn-ún, gáàdì yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó kékeré tó wà láàárín ọ̀nà, yóò fi tẹlifóònù kà wọ́n sí etí akọ̀wé ibùdókọ̀ ńlá, bọ́ọ̀sì yóò sì dúró títí di agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá pé márùn-ún, bọ́ọ̀sì yóò lọ ní agogo mẹ́sàn-án géérégé. Gáàdì náà gbé ìwé lé Gègé lọ́wọ́, ó ní òun ń bọ̀ wá gbà á, ó sì kọjá lọ bá awakọ̀ níwájú.

Gègé kọ orúkọ tirẹ̀. Ó kọ ti Ọgbọ́njù. Ìyá àgbà kan tí wọ́n fi báńdéèjì di ojú ọ̀tún rẹ̀ na ọwọ́ sókè láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó ní òun náà ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀wé, kí Gègé jọ̀wọ́ bá òun kọ ọ́. Ó sọ fún Gègé pé dókítà ojú máa ń wá sí ilé ìwòsàn ìlú orí òkè lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kì í sì í gba ẹni tuntun mọ́ tí agogo mọ́kànlá bá ti kọjá. Ó yẹ kí wọ́n yọ òwú tí wọ́n fi rán ojú òun lónìí. Gègé kọ orúkọ rẹ̀. Apá kan wà lójú ìwé náà tí wọ́n ń kọ ohun tó yẹ ní mímọ̀ nípa èrò sí. Gègé kọ báńdéèjì ojú síbẹ̀ fún ìyá àgbà. Níwájú orúkọ tirẹ̀ àti ti Ọgbọ́njù, kò kọ nǹkan kan, nítorí pé ara wọn le.

Orúkọ mẹ́ta nìyẹn. Ọgbọ́njù dìde, ó lọ béèrè nínú yàrá ọkọ̀ kejì, ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, títí kan ẹni tó ń sùn. Kò sí ẹni tó ń lọ sí ìlú orí òkè. Nígbà tó padà, ó jókòó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti Gègé.

"Kọ méjì sí i."

"Méjì wo?"

"Ìyá ọlọ́mọ kan, ọmọ rẹ̀ ò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Àti bàbá arúgbó kan tó ń tọ̀pá. Ta ló máa gbọ́ ti ọmọ tuntun tí kò ní dúró?"

Gègé wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó ní kò sí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọgbọ́njù ní òun mọ̀ pé wọn ò sí, ìdí nìyẹn tí òun fi ní kó kọ wọ́n. Ta ni irọ́ náà máa pa? Bọ́ọ̀sì á dúró, àwọn á wọ̀ ọ́, dírẹ́bà á rò pé àwọn méjì yòókù ti yí ọkàn padà, ọ̀rọ̀ á parí. Ó bi í bóyá ó fẹ́ padà lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé nítorí orúkọ méjì ni òun ṣe pàdánù ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló wọ Gègé lára. Gègé mọ ohun tó tọ́. Láti kékeré ló ti ń jókòó sórí àga iwájú ní ilé ìsìn, kò sì sí ẹ̀kọ́ kankan nípa irọ́ pípa tí wọn kò tíì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a gbọ́ lórí àga jẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a ó lò nígbà tí agogo bá ń lé wa. Ó ṣí gègé rẹ̀. Ọgbọ́njù fún ìyá ọlọ́mọ ní orúkọ kan tó rí lára páálí ọṣẹ. Ó fún bàbá arúgbó ní orúkọ olùkọ́ ìṣirò wọn, ó ní kí òun náà dúró de bọ́ọ̀sì díẹ̀ kó lè mọ bí ìyà ṣe rí. Ẹ̀rín fẹ́ pa Gègé, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí gáàdì padà dé, ó ka ìwé náà, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó béèrè ibi tí ìyá ọlọ́mọ wà. Ọgbọ́njù ní yàrá kejì ni, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Gáàdì ní kí òun má lọ dí i lọ́wọ́ nígbà náà, kí Ọlọ́run wo ọmọ náà dàgbà. Ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn ṣe àmín kíkankíkan. Gègé kò ṣe é.

Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje ni wọ́n dé ibùdókọ̀ ńlá lóòótọ́. Gègé di ọwọ́ ìyá àgbà mú, wọ́n sì yára tẹ̀ lé ọfà tí wọ́n kùn sílẹ̀, tó ń fi ọ̀nà bọ́ọ̀sì han èrò. Bọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún àwọn ará ìlú tó ti jókòó láti ìgbà tí agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù, tí wọ́n sì fajú ro. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí ìjókòó lẹ́yìn. Gègé wo aago tó wà lára ògiri ibùdókọ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bọ́ọ̀sì ń lò lọ́nà. Bí wọ́n bá gbéra nísinsìnyí, agogo mẹ́wàá ààbọ̀ kò ní kọjá kí wọ́n tó dé. Ó mí kanlẹ̀.

Akọ̀wé ibùdókọ̀ jáde wá. Obìnrin ni, ó ga, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Òun ló ń jókòó nídìí fèrèsé tí èrò ti ń béèrè ọ̀nà, nítorí náà Àǹtí Ojú Fèrèsé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó gòkè sínú bọ́ọ̀sì, ó béèrè àwọn tó ti inú ọkọ̀ ojú irin bọ́. Wọ́n nawọ́. Ó ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá ọlọ́mọ dà? Bàbá tó ń tọ̀pá dà?"

Gègé la ẹnu. Ọgbọ́njù tẹ bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gègé pa ẹnu dé.

Ohun tí àwọn ọmọ méjèèjì kò mọ̀ ni pé òfin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò de irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì kan fi abiyamọ kan sílẹ̀ sínú òjò ní ibùdókọ̀ yìí, ọmọ náà sì ṣàìsàn gidigidi. Láti ìgbà náà, bí orúkọ ọlọ́mọ tuntun tàbí ti arúgbó bá wà nínú Ẹ-Dúró-Dè-Wá, bọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ yí táyà títí akọ̀wé yóò fi fojú kàn án, tàbí títí yóò fi mọ ibi tó wà. Dírẹ́bà ló ṣàlàyé èyí fún àwọn èrò tó ń kùn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ara páálí ọṣẹ káàkiri ibùdókọ̀. Ó pe orúkọ olùkọ́ ìṣirò náà pẹ̀lú, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọgbọ́njù kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n rán obìnrin tó ń gbálẹ̀ lọ wo ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin. Ó padà, ó mi orí. Wọ́n ní kó lọ wo yàrá ìsinmi. Ó lọ, kò sì yára.

"Bóyá ọmọ náà ti ń rìn báyìí," ni bíríkìlà kan tó gbé àpótí irinṣẹ́ lé ẹsẹ̀ wí.

"Rírìn kẹ̀? Ó ti wọ iléèwé," ni obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ dáhùn. "Bó bá gboyè jáde, kó wá wa bọ́ọ̀sì yìí fún wa."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn. Ọkùnrin kan ní wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun bí òun bá pẹ́ lónìí. Òmíràn ní àwọn obìnrin ayé òde òní kò mọ àkókò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá ọlọ́mọ náà, wọ́n sọ irú ẹni tó jẹ́, wọ́n sọ irú ọkọ tó gbọ́dọ̀ ní. Gègé jókòó, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ ẹni tí òun fi gègé dá. Ó ń gbìyànjú láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun máa bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣé kí Ọlọ́run rán ìyá ọlọ́mọ kan wá láti inú afẹ́fẹ́ ni?

"Jẹ́ ká sọ fún wọn," ló sọ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ni 'ká'?" ni Ọgbọ́njù dá a lóhùn. "Sùúrù. Wọ́n máa tó jáwọ́."

Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Àǹtí Ojú Fèrèsé tún padà wá. Òógùn ti rin ọrùn aṣọ rẹ̀. Ó ní gáàdì nìkan ló lè sọ ibi tí àwọn èrò náà wà, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń lọ. Agogo mẹ́wàá ni yóò dé ibi tí tẹlifóònù wà. Òun yóò pè é nígbà náà. Kí gbogbo ènìyàn jọ̀wọ́ ní sùúrù.

Ariwo ta. Gègé ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ara rẹ̀ sì tutù. Bí wọ́n bá gbéra ní agogo mẹ́wàá, géètì yóò ti tì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àwọn tó dé. Dírẹ́bà fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Ó ní òun kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, òun yóò lọ, kí wọ́n wá fi ìwé ẹ̀sùn bá òun nílé. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dún. Ọgbọ́njù wo Gègé bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé o rí i báyìí?

Ìyá àgbà olójú dídì ló dìde. Ó di irin ìjókòó mú, nítorí pé kò ríran dáadáa, ó sì sọ̀rọ̀ sí ibi tó rò pé dírẹ́bà wà.

"Ọmọ mi, má bínú. Mo mọ̀ pé a ti dá ọ dúró. Èmi náà, dókítà mi kò ní gbà mí mọ́ bí mo bá pẹ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń dùn mí látọjọ́ tó ti pẹ́, ó ti mọ́ mi lára. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè dúró nínú oòrùn títí di ọ̀sán. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ń fún un lọ́mú. Jọ̀wọ́, dúró dè wọ́n. Ọlọ́run á dá àkókò yìí padà fún ọ."

Dírẹ́bà fi iwájú orí ti ìdarí ọkọ̀, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

Gègé kò mọ ìgbà tí òun dìde. Ọgbọ́njù fa apá aṣọ rẹ̀, ó ní kó jókòó, ó ku díẹ̀. Ó já ara rẹ̀ gbà.

"Ẹ má dúró mọ́," ló sọ. "Kò sí ìyá ọlọ́mọ kankan. Kò sí bàbá kankan. Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, kí orúkọ wa lè pé márùn-ún."

Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bíríkìlà tó ń ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́, ó pè é ní òpùrọ́ lójúkojú. Ẹnì kan ní kí wọ́n jù ú sílẹ̀. Ìyá àgbà rọra jókòó padà, ó sì yí ojú rẹ̀ tó ń ríran sápá ibòmíràn, èyí sì dun Gègé ju gbogbo èébú lọ.

Àǹtí Ojú Fèrèsé dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ó bi Gègé bóyá ó dá a ṣe ni. Gègé wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́njù ti tẹ̀ ba, ó ń so okùn bàtà tí kò tú.

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mà."

Àǹtí ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó kọ orúkọ gbọ́dọ̀ wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ibùdókọ̀ pé kò sí wọn, kó sì fọwọ́ sí i, kí dírẹ́bà tó lè gba àṣẹ. Gègé bẹ̀ ẹ́ pé òun ní ìdánwò ní agogo mọ́kànlá, kí wọ́n jẹ́ kí òun tún padà wọ bọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà ló dáhùn. Ó ní bí ìwé náà bá ti dé ọwọ́ òun, òun kò ní fi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo dúró de ẹnikẹ́ni mọ́ lónìí, ìbáà ṣe ọmọ ọba.

Gègé sáré kọ ọ́. Ìkọ̀wé rẹ̀ rí bíi ti ọmọ kíláàsì kìíní. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ mú bébà náà sáré lọ fún dírẹ́bà. Kí Gègé tó yọ sí ìta, bọ́ọ̀sì ti yí ìdí padà, ó ń lọ. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni. Ó rí orí Ọgbọ́njù láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn.

Àǹtí Ojú Fèrèsé jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá wọ́n sọ fún gáàdì pé ìdánwò ni àwọn ń lọ ṣe. Gègé ní àwọn kò sọ ọ́. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ká ní gáàdì pè mí pé ènìyàn mẹ́ta péré ni, pé méjì ń lọ ṣe ìdánwò, ọ̀kan ń lọ sí ilé ìwòsàn, ṣé o rò pé òkúta ló wà láyà mi ni? Ǹ bá lọ dúró síwájú bọ́ọ̀sì yẹn. Mo ti ṣe é rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Gègé jókòó sórí àga gígùn ní ibùdókọ̀ náà títí di agogo méjìlá, ó ń wo bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ibi tí òun kò ní nǹkan ṣe. Kí bọ́ọ̀sì ọ̀sán tó gbéra, Àǹtí fún un ní lẹ́tà kan, ó ní kó mú un lọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Kò lẹ̀ ẹ́. Gègé kà á. Lẹ́tà náà sọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe pẹ́ tó, ó sọ ti orúkọ méjì náà, ó sì sọ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ láàárín àwọn tó ń bínú sí i. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ náà gbà á ní ọ́fíìsì kékeré kan tó kún fún fáìlì. Àwọn tó ṣe ìdánwò ti ń jáde lọ. Ọgbọ́njù wà láàárín wọn, nítorí pé agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Ó rí Gègé ní ẹnu géètì, ó sì gba apá kejì ọ̀nà. Ọ̀gá náà ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìdánwò ti parí, òun kò sì ní agbára láti ṣe òmíràn fún ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé kan yọ nínú àwọn fáìlì, ó tẹ́ ẹ síwájú Gègé. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń kọ nǹkan sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni. Wákàtí wákàtí ni ìlà rẹ̀: ìgbà tí ara gbóná, ìgbà tí wọ́n fún un lóògùn.

"Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò bá ọ dúró nígbà tí o kọ ọ́," ni ọ̀gá náà sọ. "Ohun tí o kọ ló máa gbà gbọ́. Bí o bá kọ oògùn tí o kò fún aláìsàn, ẹnikẹ́ni kò ní fún un mọ́, yóò sì kú sí ẹ lọ́wọ́. Èmi kò lè fi ẹni tó ń kọ ohun tí kò sí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè dìde sọ pé 'irọ́ ni, èmi ni mo kọ ọ́,' mo ń wá irú rẹ̀. Wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́, Gègé dúró síwájú tábìlì ìyá rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan pa mọ́. Ìyá náà gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kí ó má baà jó o. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ìyá àgbà olójú dídì bá dókítà. Gègé ní òun lọ bi wọ́n ní ilé ìwòsàn náà kí òun tó padà, wọ́n ní wọ́n ti yọ òwú ojú rẹ̀, ó ti lọ sílé. Ìyá rẹ̀ ní ẹni tí òun ń gbàdúrà fún kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣeun. Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì ń lọ aṣọ lọ. Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí aṣọ olóhun, áyọ́ọ̀nù sì ń gbé e lọ.

Orúkọ Ọgbọ́njù jáde lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó máa lọ, ó gbé aṣọ funfun ilé ẹ̀kọ́ náà wá fún ìyá Gègé láti lọ̀, ó sì dúró sí ìloro bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lù. Ìyá náà lọ̀ ọ́ dáadáa. Gègé ló ká a.

"Gègé, ẹ̀bi mi ni," ni Ọgbọ́njù sọ. Ó ti ń sọ ọ́ sínú fún oṣù méjì, kò sì rí ẹnu sọ ọ́ síta. "Mo gbọ́ nígbà tí Àǹtí yẹn béèrè. Mo gbọ́ ọ."

Gègé fún un ní aṣọ náà. Ohun tó fẹ́ sọ pọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì dára láti sọ níwájú ìyá ẹni.

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́," ló sọ. "Máa lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ẹ ní ìwé aláìsàn, má kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Bó bá sì ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ sí ẹ lọ́wọ́, má jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ kó o tó jẹ́wọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ wo iye tí òtítọ́ Gègé ì bá ná an. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀rọ̀ kan sí gáàdì ni. Nígbà tí Àǹtí kọ́kọ́ béèrè ìyá ọlọ́mọ, ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni, bọ́ọ̀sì ì bá sì gbé e lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ó di ọdún kan gbáko. Òtítọ́ kì í dín owó bó ṣe ń pẹ́. Ẹ rà á ní kùtùkùtù.